Kí A Tó Ra Ilé Tó Ń Rìn, Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Rí Àyè Jókòó

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a máa tẹ̀ lé e. Nínú oṣù Kẹjọ tó kọjá ni mo rí ìdílé kan tó sọ òwe náà di ìrìn àjò. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta yá ọkọ̀ kan tí wọ́n kọ́ ilé sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n wà á láti Manchester títí dé àárín àwọn òkè ilẹ̀ Scotland, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà. Bí ebi bá ti pa ọmọ, wọn a yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn a dáná. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a wá àyè ìgbọ́kọ̀sí, wọn a sùn.

Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́rin, wo fídíò náà ní àwòtúnwò nínú yàrá wa ní Onígbòǹgbò níbí, níbi tí ariwo ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ ní Ìkẹjà kì í jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa dáadáa. Nígbà tó wò ó tán, ó yíjú sí mi, ó ní: “Dádì, ìgbà wo ni àwa náà máa gbé ilé wa lọ bá ìyá àgbà ní Òṣogbo?” Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò dénú.

Kì í ṣe owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Mo mọ̀ pé apá mi kò ká a, n kò sì bínú sí ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìrìn àjò tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ sí Òṣogbo kan náà ní àkókò Ọdún Àjíǹde.

Òwúrọ̀ kùtù la kúrò nílé. A wọ ọkọ̀ dé Ọjọ́ta, a sì rí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òṣogbo. Mo bèèrè iye tí ìjókòó mẹ́ta jẹ́. Ẹni tó ń gba owó wo ọmọ náà, ó wò mí, ó ní: “Alàgbà, ọmọ orí itan kì í sanwó. Kí lẹ fẹ́ máa fi owó ṣòfò sí?” Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ka owó ìjókòó méjì fún un, mo dá ìyókù padà sí àpò, ìyàwó mi sì gbé ọmọ lé itan.

A kọjá Bẹ́gà, a kọjá Ìbàfò àti Mowé. Kí a tó dé Ṣàgámù ni ọmọ ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Mo bẹ awakọ̀ kí ó dúró. Ó ní òun kò lè dúró níbẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ igbó ni, pé àwọn ajínigbé kì í sọ fún ènìyàn kí wọ́n tó jáde. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ó ní kí ọmọ mú un mọ́ra di iwájú. Bí a ṣe ń rọ ọmọ lọ́wọ́ ni tírélà kan ṣàdédé yà sí iwájú wa láìtan iná àmì kankan. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọmọ já bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé kò dì í mú rárá, iwájú orí rẹ̀ sì gbá irin ìjókòó tó wà níwájú wa.

Olúwa ṣeun, a kò tẹ̀yìn. Orí ọmọ wú, ètè rẹ̀ bẹ́, ó sì tọ̀ sára nínú ìbẹ̀rù náà. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ní kí a dúpẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti fi mí lọ́kàn sílẹ̀: èwo ni mo ń dúpẹ́ fún gan-an, bí kò ṣe ohun tí owó ìjókòó kan ìbá ti dín kù?

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bi mí nípa ilé tó ń rìn, mo pe àbúrò ìyàwó mi. Mo rò pé yóò sọ fún mi bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń sáré kiri nínú yàrá náà bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, tàbí bó ṣe ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ní ká má rí i. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, inú àga tirẹ̀ ni ọmọ wà, tí a fi bẹ́líìtì so mọ́ ìjókòó tó kọjú síwájú. Wọn kì í so àga ọmọdé mọ́ ìjókòó tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń wà nígbà tí táyà bá ń yí. Òfin ilẹ̀ wọn ní kí ọmọ máa lo àga tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sílẹ̀: “Ilé ni nígbà tó bá dúró, ẹ̀gbọ́n. Mọ́tò ni nígbà tó bá ń rìn.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdí ọ̀rọ̀ mi lónìí nìyẹn. Kì í ṣe sítóòfù àti bẹ́ẹ̀dì ló ya ìrìn àjò tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára tiwa. Ohun mẹ́ta ni: ọmọ ní ìjókòó tirẹ̀, ọ̀nà ní ibi ìdúró, ẹni tó bá sì dúró kò bẹ̀rù. Bí a bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dánfó lásán yóò gbé ọmọ wa dé ibi tó ń lọ ní àlàáfíà. Bí a kò bá ní wọn, bí a tilẹ̀ gbé ilé alájà mẹ́ta lé orí táyà, ewu kò kúrò níbẹ̀.

Mo dárúkọ dánfó, n kò sì ṣèèṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò rò rí. Ní ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orúkọ wọn. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà tí ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Westfalia bẹ̀rẹ̀ sí í to bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ohun ìdáná sínú rẹ̀, kí bàbá, ìyá àti ọmọ lè fi lọ gbádùn ìsinmi wọn létí òkun. Bọ́ọ̀sì tó tọ ẹsẹ̀ ìyẹn nínú ìran Volkswagen kan náà ló wá sí Èkó, tí a kùn ní àwọ̀ yẹ́lò, tí a fa ìlà dúdú méjì sí i lára, tí a sì sọ ní dánfó. Àwọn ará Jámánì yọ ìjókòó kúrò kí bẹ́ẹ̀dì ọmọ lè gba ibẹ̀. Àwa yọ ìjókòó kúrò, a sì jó irin mìíràn mọ́ ọn kí èrò lè pọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ kò sí lára ọkọ̀. Ohun tí a ní kí ọkọ̀ ṣe fún wa ló yàtọ̀.

Kì í sì í ṣe pé àwa kò mọ ìrìn àjò ẹbí. Kí ọkọ̀ tó wá ni àwọn baba wa ti ń kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí oko tó jìnnà, tí wọ́n ń lo oṣù mélòó kan ní abà. Nígbà tí ọkọ̀ dé, bólẹ̀kájà ló gbé àwọn òbí wa káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, bẹ́ǹṣì rẹ̀ kọjú síra wọn, orúnkún ń gbá orúnkún, èyí tó mú kí àwọn aláwàdà máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jà ní láti sọ̀ kalẹ̀ ná. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá, ẹrù wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Títí di òní, kò sí Iléyá, kò sí Kérésìmesì, kò sí ìsìnkú àgbà tí gáréèjì Ọjọ́ta àti Agége kì í kún fún àwọn ìyá tó pọnmọ. Ọmọ wa ń rìnrìn àjò. Bí wọ́n ṣe ń rìn ín ló ń kọ mí lóminú.

Ní ti òfin, a ní i. Ní ọdún 1977 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, nítorí ikú tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti èrò lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀, òun náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti lé ní ọdún márùndínlógójì báyìí. Àjọ náà kò yé kéde pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ jókòó níwájú ọkọ̀, pé kí òbí fi àga ọmọdé àti bẹ́líìtì dáàbò bo ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sí ìdí afárá Maryland ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ iléèwé, kí ẹ ka iye ọmọ tó dúró láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, tó fi ọwọ́ kọ́ ọrùn bàbá tó ń wakọ̀. Ẹ óò rẹ̀wẹ̀sì kí ẹ tó kà á tán.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ni ìjàm̀bá ọkọ̀ ń pa lọ́dọọdún ní àgbáyé. Nínú gbogbo ohun tó ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún márùn-ún sí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò sí èyí tó tó o. Àjọ kan náà ní àga ọmọdé lè dín ikú àwọn ìkókó kù nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ títí dé ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí àgbo, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí àdúrà àárọ̀ tí mo mọ̀ tó ń fi owó díẹ̀ ra irú ààbò bẹ́ẹ̀, tí a kò sì ní jà dù ú bí wọ́n bá gbé e wá sí ọjà.

Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbà pé kò sí àga tó lè di ọmọ mú bí ọwọ́ ìyá. Mo mọ ìfẹ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n irọ́ ni ìfẹ́ náà ń pa fún wa. Bí ọkọ̀ bá ń sáré ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ọmọ orí itan náà ń sáré ní 80. Bí ọkọ̀ bá dúró gbọnrangandan, ọmọ kò tíì dúró. Ara rẹ̀ á tẹ̀ síwájú pẹ̀lú agbára tó pọ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, kò sì sí apá ènìyàn tó lè dá a dúró. Èyí tó burú jù ni pé bí ìyá fúnra rẹ̀ kò bá de bẹ́líìtì, ọmọ ni yóò di tìmùtìmù láàárín ìyá àti irin. Ìyàwó mi kò ju ọmọ wa sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Agbára ọkọ̀ ló já a gbà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ibi ìdúró. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Ní oṣù Keje ọdún 2013 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣe ìfilọ́lẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní Ṣàgámù, tí wọ́n pín iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ Julius Berger àti RCC. Ìjọba kan lọ, òmíràn dé, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ títí ọmọ tí a bí lọ́dún náà fi wọ iléèwé girama. Lónìí, ọ̀nà náà ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí a jẹ́ aláìmoore. Ṣùgbọ́n owó tabua tí wọ́n ná sórí ọ̀dà àti kọnkéré, èló nínú rẹ̀ ló kan ìtọ̀ ọmọdé? Níbo ni ìyá lè yà sí láàárín Bẹ́gà àti Ìbàdàn, kí ó rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, omi tó ń yọ, iná tó ń tàn àti ẹ̀ṣọ́ tó dúró? Ilé epo ni a gbójú lé, bí ẹni tó ni ín kò bá ti ìlẹ̀kùn pa. Ògèrè ni a mọ̀ sí ibùdó lójú ọ̀nà náà, tírélà àti ọkọ̀ agbépo ló sì ni ibẹ̀. Kì í ṣe ibi tí a ń mú ọmọ ọdún mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀ sí.

Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ dí ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Nítorí pé kò sí ibi ìdúró, àwọn ọkọ̀ ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ igbó. Nítorí pé wọ́n ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ igbó, àwọn ajínigbé mọ ibi tí wọn yóò sápamọ́ sí. Nítorí pé awakọ̀ bẹ̀rù ajínigbé, kì í dúró sinmi, oorun a sì máa gbé e lórí ìjókòó. Ibi ìdúró kan tí a kọ́ dáadáa yóò já ẹ̀wọ̀n náà ní oríkèé mẹ́ta. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀ oòrùn Gúúsù fi Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ibùdó lójú ọ̀nà, ìgbà tí aburú bá ti ṣẹlẹ̀ tán la ń pè é.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2024, gbogbo Èkó tú jáde láti pàdé Pẹ̀lúmi Núbì, ọmọbìnrin tó fi ọkọ̀ Peugeot 107 kékeré dá nìkan wakọ̀ láti London wá sí Èkó, tí ìjàm̀bá ọkọ̀ sì dá dúró fún ìgbà díẹ̀ lójú ọ̀nà ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Gómìnà Sanwó-Olú fún un ní ọkọ̀ tuntun àti ilé. Ó tọ́ sí i, nítorí akin ni. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àmọ́ bí ìjọba bá lè mọ rírì ẹni tó la orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó báyẹn kọjá, ó yẹ kí ó rántí ìyá tó ń gbé ọmọ láti Onígbòǹgbò lọ sí Òṣogbo. Ìyẹn kò bèèrè ilé. Ibi tí ọmọ lè tọ̀ sí ló ń bèèrè.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọn yóò ní ebi ń pa ará ìlú, kí ni ti àga ọmọdé àti ìgbádùn ojú ọ̀nà? Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ olówó ni. Mo gbọ́, n kò sì fojú kéré rẹ̀, torí èmi náà ka owó ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà kí n tó gbà pé kí ọmọ jókòó sí itan. Ṣùgbọ́n ìdílé olówó kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára. Olówó ní ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń wọ bàálù láti Ìkẹjà. Tálákà ni kì í rí àyè yan. Bí ọmọ bá fara pa, owó ilé ìwòsàn yóò ju owó ìjókòó ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tálákà tó bá jó, eérú ló kù.

Ọ̀nà àbáyọ kan ti wà nítòsí wa tí a kò lò tó bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ní kìlómítà 157. Ó ń dúró ní Agége, tí kò jìnnà sí wa ní Onígbòǹgbò, ó sì ń gba Abẹ́òkúta lọ sí Mọníyà ní Ìbàdàn. Ọmọ lè dìde rìn nínú rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, owó ọmọdé sì kéré sí ti àgbà. Ẹ ò rí i pé èyí gan-an ni ilé tó ń rìn tí apá tálákà ká? Àléébù rẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà kò pọ̀ tó lójúmọ́, Mọníyà sì jìnnà sí àárín Ìbàdàn, débi pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yóò tún wọ mọ́tò míì. Kí ìjọba àpapọ̀ fi kún iye ìgbà tó ń lọ lójúmọ́, kí ìjọba Ọ̀yọ́ sì fi bọ́ọ̀sì gidi sí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ náà.

Ní ti ojú ọ̀nà, èrò tèmi nìyí. Kí ìjọba Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ láti kọ́ ibi ìdúró méjì péré, ọ̀kan lápá Ṣàgámù, ọ̀kan nígbà tó bá ku díẹ̀ kí a dé Ìbàdàn, ní apá ọ̀nà méjèèjì. Àjọ DAWN tó ń ṣètò ìdàgbàsókè ilẹ̀ Yorùbá wà ní Ìbàdàn. Irú iṣẹ́ tó kan ìpínlẹ̀ mẹ́ta báyìí ló yẹ kí ó mú lọ́wọ́. Kí FRSC àti Àmọ̀tẹ́kùn ní ọ́fíìsì níbẹ̀. Kí àwọn alátà rí ìsọ̀ yá, kí owó ìsọ̀ náà sì máa tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Òwò ni èyí, kì í ṣe àánú. Gbogbo wa la mọ bí àkàrà àti gúgúrú ṣe ń tà lójú ọ̀nà nínú oòrùn. Báwo ni yóò ṣe tà tó níbi tí ọkọ̀ ti dúró ní ìrọ̀rùn?

Ní ti gáréèjì, kí àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ṣe òfin kan: kí ọmọ tó bá ti lé ní ọdún méjì ní ìjókòó tirẹ̀, kí ó sì san ààbọ̀ owó. Awakọ̀ yóò ní òun pàdánù ààbọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n òbí tó ń gbé ọmọ lé itan lónìí kì í san nǹkan kan fún ọmọ náà rárá, ọ̀pọ̀ òbí yóò sì yan ọkọ̀ tó bá ń fún ọmọ láyè. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sára pé ọmọ ní ìjókòó níbí, mo fi dá a lójú pé kò ní pẹ́ kún.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ wa ní Onígbòǹgbò pẹ̀lú. Láti ọdún 2003 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti gé wa kúrò lára Ìkẹjà, ohun tí a sábà ń rí gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn ni owó orí ìsọ̀ àti gọ́tà. Iṣẹ́ kékeré kan nìyí tí kò ní ná wọn ní owó ńlá. Kí wọ́n ra àga ọmọdé díẹ̀, kí wọ́n kó o sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ. Kí ìyá tó ń rìnrìn àjò yá a, kí ó fi owó ìdúró díẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gbà á padà nígbà tó bá dá àga náà padà. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ìyá ní bí a ṣe ń fún ọmọ lọ́yàn lè kọ́ ọ ní bí a ṣe ń de bẹ́líìtì. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ níbí, Agége àti Ọ̀jọ́dú yóò wòkọ́ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kàn wá ní àwa òbí. Kí ìjọba tó dáhùn, a lè dáhùn. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, àga ọmọdé tòkunbọ̀ wà ní ọjà. Kí ó rí i dájú pé kò sán, pé bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì lágbára, pé ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ó kò tíì ní ìjàm̀bá. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, kí ó sanwó ìjókòó ọmọ bí apá rẹ̀ bá ká a, àní bí àwọn èrò bá tilẹ̀ ń bú u pé alágbèéré ni. Kí a má rìn lóru pẹ̀lú ọmọ. Bí awakọ̀ bá ń sá eré àsápajúdé, kí a má dákẹ́ nítorí ìtìjú. Ìtìjú kò wo ọgbẹ́ orí ọmọ rí.

Kí nìdí tí n kò fi sọ pé kí a kúkú jókòó sílé? Nítorí pé àwọn baba wa ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń tọ́ láàárín Onígbòǹgbò àti Agége kò mọ̀ ju géètì ilé, bọ́ọ̀sì iléèwé àti tẹlifíṣọ̀n lọ. Wọ́n ń gbọ́ orúkọ Òṣogbo bí ẹni ń gbọ́ orúkọ Scotland. Igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún 2005 wà níbẹ̀, àwọn àlejò ń ti òkèèrè wá wò ó, ọmọ onílé kò sì dé ibẹ̀ nítorí pé bàbá ń bẹ̀rù ọ̀nà. Èdè tí a ń sunkún pé ọmọ kò gbọ́ mọ́, ẹnu ìyá àgbà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ìyá àgbà sì wà ní òpin ọ̀nà náà. Bí ọ̀nà bá di ohun ìbẹ̀rù, kì í ṣe ìrìn àjò nìkan la pàdánù. Ìran kan ni yóò dàgbà tí kò mọ ibi tí ó ti wá.

Ìyàwó mi àti èmi ti fẹnu kò. Ní Kérésìmesì tó ń bọ̀, a óò wọ ọkọ̀ ojú irin láti Agége dé Mọníyà, a óò sì wọ mọ́tò láti ibẹ̀ dé Òṣogbo. Ìjókòó mẹ́ta la óò san owó rẹ̀. Mo ti ra àga ọmọdé kan tí wọ́n ti lò rí, mo sì gbé e sí pálọ̀ kí ọmọ lè mọ̀ ọ́n lára. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó gun orí rẹ̀, ó ní kí n de òun, ó sì bi mí bóyá ilé wa ti fẹ́ gbéra. Mo ní kò tíì tó àkókò, pé à ń tún ọ̀nà ṣe lọ́wọ́. Kí àwọn tó ń ṣe ìjọba má jẹ́ kí n purọ́ fún ọmọ.